Ìjókòó Tó Fò Lófìfo

Ojú ewé kan ṣoṣo ni wọ́n fún mi nínú ìwé ètò ìsìnkú Bàbá Àgbà, ohun tí mo kọ síbẹ̀ sì dùn mọ́ gbogbo ènìyàn. Mo ní ó jẹ́ olóòótọ́, mo ní ó fẹ́ràn Ọlọ́run, mo ní ó fi gbogbo agbára rẹ̀ sin ìpínlẹ̀ tí a ti wá. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí pásítọ̀ ṣe ń kà á sókè, inú ń bí mi, nítorí ọkùnrin tí mo mọ̀ kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin tí mo mọ̀ máa ń dá ènìyàn lágara. Bí ó bá ti gbé ọ̀rọ̀ kan sórí, kò sí ọmọ, kò sí ìyàwó, kò sí ọ̀rẹ́ tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìbínú tó fi sílẹ̀ fún mi kò tíì tán, n kò sì mọ ẹni tí ǹ bá dà á lé lórí, bóyá òun ni, bóyá àwọn tó lò ó. Ìyókù ọ̀rọ̀ tí ojú ewé kan kò gbà ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín.

Ní àdúgbò wa ní Festac, kò sẹ́ni tó ń pe Bàbá Àgbà ní orúkọ rẹ̀. "Bàbá Ẹ́pọ́ọ̀tù" ni wọ́n ń pè é, látorí obìnrin tó ń ta búrẹ́dì nísàlẹ̀ ilé títí dé orí àwọn mẹkáníìkì ẹ̀gbẹ́ títì. Nítorí pé bàálù tó ń lọ sí Ìkẹjà máa ń kọjá lórí wa, àlejò á rò pé ẹ́pọ́ọ̀tù Ìkẹjà ló bá ṣiṣẹ́. Kì í ṣe òun. Pápákọ̀ òfuurufú kékeré kan ni, lókè lọ́hùn-ún, tí ìjọba ìpínlẹ̀ wa kọ́ sẹ́yìn ìlú wa. N kò ní dárúkọ ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tó mọ ìdílé wa mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò sì mọ̀ wá lè fi ìpínlẹ̀ tirẹ̀ rọ́pò, bóyá ni ìtàn náà á yí padà.

Iṣẹ́ tí Bàbá Àgbà ṣe kó tó fẹ̀yìn tì ni pé kó mú kí bàálù máa wá síbẹ̀. Ìjọba ti kọ́ pápá náà tán, wọ́n ti kun ilé rẹ̀, wọ́n ti gbin òdòdó sí ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí oníbàálù tó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ síbi tí kò sí èrò. Ni wọ́n bá ní kí Bàbá Àgbà àtàwọn ènìyàn rẹ̀ lọ fa ojú wọn mọ́ra. Á wọ kóòtù, á wá sí Èkó, á jókòó sí ọ́fíìsì àwọn oníbàálù, á máa bẹ̀ wọ́n bí ẹni tó ń tọrọ ìyàwó. Á ní: Ìjọba kò ní gba owó ìbalẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ìjọba á fi bọ́ọ̀sì gbé èrò yín láti pápá wọ olú ìlú. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó bá ń rìnrìn àjò iṣẹ́ kò gbọdọ̀ gba ibòmíràn. Paríparí rẹ̀, bí bàálù yín kò bá kún, ìjọba á san owó ìjókòó tó bá ṣófo.

Mo ṣì kéré nígbà tó ṣàlàyé èyí fún mi. Mo bi í léèrè pé ṣé ó dáa kí ènìyàn máa sanwó ọkọ̀ fún ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀. Kò bínú. Ó gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní, "Bísọ́lá, ọjà kì í kún lọ́jọ́ tí wọ́n dá a. Ẹni tó dá ọjà ló máa kọ́kọ́ ná an."

Bó ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́ náà ló wà nílé lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì. Bí ẹnikẹ́ni bá ti ìlú wa dé, ìkíni kò tíì ní parí tí Bàbá Àgbà á fi bi í pé, "Ọ̀nà wo lo gbà wá?" Bí onítọ̀hún bá ní ọ̀nà ilẹ̀ ni, Bàbá Àgbà á mí kanlẹ̀, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bá a wí bí ẹni pé ó jalè. Ó fi fọ́tò pápákọ̀ náà kọ́ sára ògiri pálọ̀, ó gbé e ga ju fọ́tò ìgbéyàwó òun àti Màmá Àgbà lọ. Èrò kankan kò sí nínú fọ́tò náà, ilé funfun àti ilẹ̀ gbalasa ni. Tí àwọn obìnrin ìjọ bá wá kí Màmá Àgbà, tí wọ́n bá béèrè pé ibo nìyẹn, á ní, "Orogún mi ni. Òun ni ìyálé, èmi ni wọ́n fẹ́ lé e."

Ní ọdún Kérésìmesì kan, ó fi agídí mú gbogbo ìdílé pé bàálù la máa wọ̀ lọ sílé. Màmá mi ti din ẹran, ó ti kó o sínú kúlà. A dé Ìkẹjà láàárọ̀ kùtù nítorí Bàbá Àgbà kì í fẹ́ kí wọ́n dúró de òun. Wọ́n ní ká dúró díẹ̀. Ọ̀sán pọ́n, wọ́n ní ká ṣì dúró. Nígbà tó yá, wọ́n ní ọyẹ́ ti bo ìlú wa, bàálù kò lè balẹ̀. Bàbá mi pe ilé lórí fóònù, wọ́n ní oòrùn ń ràn bí iná, ẹnikẹ́ni kò rí ọyẹ́. Ọkùnrin kan tó mọ̀dí ọ̀rọ̀ sọ fún wa ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé èrò kò pọ̀ tó ni, oníbàálù ti gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibòmíràn. Ebi ń pa wá, òógùn bò wá, ẹran inú kúlà ti ń yí òórùn padà.

Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà kò jókòó tì wá. Ó ń lọ láti ọ̀dọ̀ èrò kan sí ọ̀dọ̀ èkejì, àwọn tí kò mọ̀ rí, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó sú yín. Ẹ tún padà gbà á wò." Mo tẹ̀ lé e kí n lè fà á padà, ojú ń tì mí. Ọkùnrin kan tó ti bínú kọjá ààlà yíjú sí i, ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni bàálù ni?"

Bàbá Àgbà ní, "Èmi kọ́ ni mo ni ín, ọmọ mi. Ìlú mi ló ń lọ."

Ẹni tó máa ń kò ó lójú jù ni Àlááji, aládùúgbò wa. Ọmọ onílẹ̀ Amúwo ni Àlááji, bàbá rẹ̀ ti ń pẹja níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Festac. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì á gbé àga rọ́bà síwájú ilé, wọ́n á máa jiyàn títí tí ẹ̀fọn á fi lé wọn wọlé. Àlááji á ní, "Bàbá Ṣẹ́gun," nítorí Ṣẹ́gun ni bàbá mi, "ṣé ọ̀nà tó lọ sí ìlú yín ti dáa?"

"Kò tíì dáa."

"Ẹsẹ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ ń ra fìlà."

Ọdọọdún ni Àlááji ń sọ ọ̀rọ̀ fìlà yìí, á sì rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kan mo gbé omi wá fún wọn, mo bá ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn. Bàbá Àgbà kò fèsì bó ṣe máa ń fèsì. Ó wo ilẹ̀, ó ní, "Àlááji, ojú ọ̀nà yẹn ló gba àkọ́bí mi lọ́wọ́ mi. N kò ní kí wọ́n má tún un ṣe. Mo kàn fẹ́ kí ọ̀nà mìíràn wà."

Ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Mo mọ̀ pé bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n obìnrin kan tó kú sínú ìjàǹbá ọkọ̀ kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n n kò fi ikú náà pẹ̀lú fọ́tò ara ògiri rò pọ̀ rí. Àlááji mu omi rẹ̀, ó dìde lọ. Mo rò pé ó ti parí nìyẹn, pé kò ní dá a lágara mọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó tún gbé àga rẹ̀ dé, ó ní, "Bàbá Ṣẹ́gun, ẹ jẹ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ fìlà yẹn." Lẹ́yìn tí Bàbá Àgbà kú, mo bi Àlááji pé kí ló dé tí kò lè fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní, "Bí mo bá dákẹ́, á mọ̀ pé mò ń káàánú òun."

Ìjà kan wà tí kò sí ẹ̀rín nínú rẹ̀. Bàbá Àgbà ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàní, tí àwa ń pè ní Bàbá Kékeré. Àgbẹ̀ ni, ìlú wa ló ń gbé. Oko kòkó tí bàbá wọn fi sílẹ̀ fún un wà ní ibi tí ìjọba fẹ́ kọ́ pápákọ̀ sí gan-an. Nígbà tí ìjọba ń wá ilẹ̀, Bàbá Àgbà sọ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe ìyọnu, ìdílé àwọn ti gbà. Kò bi Àjàní. Ó dá a lójú pé bí àbúrò òun bá gbọ́ àǹfààní rẹ̀, á gbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá Kékeré gbé àdá rẹ̀ dé oko, ó bá àwọn ènìyàn tó ń ri èèkàn mọ́lẹ̀ láàárín kòkó rẹ̀. Ó bi wọ́n pé ta ló ní kí wọ́n wọlé. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n yín ní ẹ ti gbà."

Ìjọba fún un ní ilẹ̀ mìíràn lẹ́yìn odò. Kì í ṣe ilẹ̀ ló dùn ún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí Bàbá Àgbà bá wọ ilé kan nílùú, Bàbá Kékeré á gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ohun tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá lọ bẹ̀ ẹ́ kò ju gbólóhùn kan lọ: "Ká ní ó bi mí ni, ǹ bá gbà."

Ojú ló dá wọn padà sọ́dọ̀ ara wọn. Ojú Bàbá Kékeré ń ṣókùnkùn, kò sí dókítà ojú nítòsí, bàbá mi bá lọ gbé e wá sí Festac. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ojú rẹ̀ méjèèjì ní ilé ìwòsàn kan níhìn-ín. Ilé Bàbá Àgbà ló dé sí. Àwọn méjèèjì jọ ń jẹun, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀. Nígbà tó kù díẹ̀ kó máa lọ sílé, dókítà kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ fara gba gbọ̀ngbọ̀n ọkọ̀, eruku kò sì gbọdọ̀ kan ojú náà.

Àkókò yìí náà ni ìjọba tuntun ní ìpínlẹ̀ wa kéde pé bàálù ń padà bọ̀ wá sí pápákọ̀ wa. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí ọ̀kankan kò ti balẹ̀ níbẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí Bàbá Àgbà ti fẹ̀yìn tì fi ìwé pè é pé kó wá wọ bàálù àkọ́kọ́ gẹ́gẹ́ bí àgbà tó fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Kò sí ohun tí a kò gbọ́ lọ́sẹ̀ náà. Ó lọ kóòtù rẹ̀, ó tún un lọ. Èmi ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù yẹn kan náà fún Bàbá Kékeré, mo sì ra tèmi kí n lè dì í lọ́wọ́ mú. Mo rò pé kò ní gbà. Ó ní, "Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ojú tuntun wo ohun tí wọ́n fi kòkó mi ṣe."

Nígbà tí a dé Ìkẹjà, wọ́n mú Bàbá Àgbà gba ọ̀nà àwọn àlejò ìjọba. Èmi àti Bàbá Kékeré lọ dúró ní kántà pẹ̀lú àwọn èrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bíi tiwa. Ọ̀dọ́mọkùnrin orí kántà wo kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú, bàálù yẹn ti kún."

Mo ní, "Báwo ló ṣe kún? Tíkẹ́ẹ̀tì wa nìyí."

"Tíkẹ́ẹ̀tì yín dáa. Àwọn àlejò ìjọba ló gba gbogbo ìjókòó. A máa gbé tiyín sí ọjọ́ Ẹtì."

"Ṣé ẹ rí ojú bàbá yìí?"

"Mo rí i, Àǹtí. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i."

Obìnrin kan lẹ́yìn wa ló là mí lọ́yẹ̀. Ó ní àwọn tí wọ́n kó wọ inú ọkọ̀ kì í ṣe àlejò kankan, òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n. Àná ni ìjọba fi bọ́ọ̀sì kó wọn wá sí Èkó láti ilé, kí wọ́n lè fi bàálù gbé wọn padà lónìí, kí tẹlifíṣọ̀n lè rí ọkọ̀ tó kún. Mo pe Bàbá Àgbà lórí fóònù. Ó ti jókòó. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bí obìnrin náà ṣe sọ ọ́. Mo gbọ́ tó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, báwo lẹ ṣe dé Èkó?" N kò gbọ́ ìdáhùn. Ó padà sórí fóònù, ó ní, "Ẹ dúró síbẹ̀."

Kò pẹ́ púpọ̀ tó fi yọ sí wa pẹ̀lú báàgì kékeré rẹ̀ lọ́wọ́. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, ọ̀dọ́ tó múra dáadáa, ń sáré tẹ̀ lé e. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà. Kọmíṣánnà ti ń bọ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n fẹ́ bá sọ̀rọ̀."

Bàbá Àgbà kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin orí kántà, ó ní, "Ìjókòó mi ti ṣófo. Ẹ fi àbúrò mi síbẹ̀."

Ọ̀dọ́mọkùnrin orí kántà ní wọ́n ti ti orúkọ pa, òun kò lè fi ẹnì kan rọ́pò ẹnì kejì mọ́.

Òṣìṣẹ́ ìjọba náà ní, "Ẹ ṣáà rí i, Bàbá. Ìjókòó náà kò ní wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ ká padà."

"Bí kò bá wúlò fún ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kò wúlò fún èmi náà."

"Ìjọba ti sanwó rẹ̀, Bàbá."

"Mo mọ̀," ni Bàbá Àgbà wí. "Èmi ni mo kọ́ ìjọba."

Ojú ọmọ náà yí padà. Lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé òótọ́ pọ́ńbélé ni. Nígbà tí Bàbá Àgbà wà lẹ́nu iṣẹ́, nígbà tí pápákọ̀ náà ṣì tuntun, òun ni ó dá a lábàá pé kí wọ́n kó àwọn tíṣà sínú bàálù kí fọ́tò lè dára. Ó rò pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa ṣe é.

Bàálù gbéra láìsí Bàbá Àgbà nínú rẹ̀. A gbọ́ ìró rẹ̀ bá a ṣe dúró níta.

Mo ní ká padà sí Festac, ká dúró de ọjọ́ Ẹtì. Bàbá Àgbà kọ̀. Ó ní òun kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún gbé àbúrò òun wá sí kántà láti wá lé e padà. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo rán an létí ohun tí dókítà wí. Màmá Àgbà bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, bàbá mi náà bá a sọ ọ́. Bí ẹni ń bá òkúta sọ̀rọ̀ ni. Bàbá Kékeré ló gbà á lẹ́nu wa, ó ní, "Ẹ jẹ́ ká máa lọ. Ilé ló ń wù mí." Mo bá gba ọkọ̀ kan, mo jókòó síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́yìn.

Bí ọ̀nà yẹn ṣe rí, n kò ní ọ̀rọ̀ rere kan láti sọ nípa rẹ̀. Ibi tí kòtò kò sí, àwọn táńkà ti dí i pa. Bàbá Àgbà fi aṣọ funfun bo ojú àbúrò rẹ̀ nítorí eruku. Bí a bá ti súnmọ́ kòtò, á fi ọwọ́ méjèèjì di orí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn, bí ẹni gbé ọmọ tuntun, á sì dì í bẹ́ẹ̀ títí tí ọkọ̀ á fi jáde. A rìn jìnnà kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó lanu.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Bàbá Kékeré wí, "ṣé nítorí mi lẹ ṣe sọ̀kalẹ̀?"

"Nítorí tìrẹ nìkan kọ́."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká ní nítorí mi nìkan ni, ojú ì bá tì mí."

Nígbà tó pẹ́, Bàbá Àgbà ní, "Àjàní, n kò bi ọ́."

"Mo mọ̀."

"Ó yẹ kí n bi ọ́."

N kò wẹ̀yìn. Mo ń retí ohun tí Bàbá Kékeré máa sọ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyẹn. Ó ní, "Ẹ di orí mi mú, ó dà bíi pé kòtò ń bọ̀."

A wà ní ìlú nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ bàálù náà jáde nínú ìròyìn ìrọ̀lẹ́. Kọmíṣánnà ń rẹ́rìn-ín, ó ń sọ pé àwọn aráàlú ti tú yáyá jáde, pé ọkọ̀ náà kún fọ́fọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni kámẹ́rà ń yí lọ lórí àwọn tó jókòó, ó sì kọjá lórí ìjókòó kan tó ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Kò dúró níbẹ̀. Bàbá Àgbà ń wò ó.

Ìyókù ló máa ń bí mi nínú jù. Ojú ọ̀tún Bàbá Kékeré pọ́n lẹ́yìn ìrìn àjò náà, ó ṣe omi, kò sì padà ríran dáadáa títí di òní. Bàálù ọjọ́ Ẹtì sì fò lóòótọ́. Ó fò, ó balẹ̀ wẹ́rẹ́, ìwọ̀nba èrò díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Ká ní a dúró ni. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá Àgbà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sì jà mí níyàn rí. Bàálù náà ń lọ, ó ń bọ̀ fún oṣù mélòó kan, ó sì dáwọ́ dúró bíi ti tẹ́lẹ̀. Ilé iṣẹ́ ìjọba kò ránṣẹ́ pè é mọ́. Àwọn tí wọ́n jọ fẹ̀yìn tì ń sọ pé ọjọ́ orí ló dà á láàmú tó fi sọ̀kalẹ̀.

Mo rò pé á já fọ́tò ara ògiri yẹn sílẹ̀. Kò já a. Ó tún jókòó sí iwájú ilé pẹ̀lú Àlááji, ó tún ń sọ pé pápákọ̀ náà á dáa, pé kí wọ́n jẹ́ kó máa gbé kòkó àti ẹ̀fọ́, pé èrò á wá. Lọ́jọ́ kan ara mi kò gbà á mọ́. Mo ní, "Bàbá Àgbà, lẹ́yìn gbogbo ohun tójú yín rí? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ sọ̀kalẹ̀."

Ó ní, "Inú irọ́ ni mo ti sọ̀kalẹ̀, Bísọ́lá. Kì í ṣe inú bàálù."

Àìsàn tó pa á kò pẹ́. Ọkàn ni wọ́n ní ó dáṣẹ́ sílẹ̀, ní ilé ìwòsàn kan ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní òwúrọ̀, Màmá Àgbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ kejì, Àlááji gbé àga rẹ̀ wá síwájú ilé, ó jókòó níbẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí òṣìṣẹ́ ìjọba tó sáré tẹ̀ lé Bàbá Àgbà ní Ìkẹjà lọ́jọ́sí fi dé. Ipò rẹ̀ ti ga, ìjókòó Bàbá Àgbà ní ọ́fíìsì ló wà báyìí. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá Àgbà, ó kẹ́dùn dáadáa, n kò lè sọ pé kò kẹ́dùn. Lẹ́yìn náà ló ní ìjọba fẹ́ ṣe ẹ̀yẹ fún bàbá. Wọ́n á gba bàálù kan, á gbé òkú Bàbá Àgbà àti gbogbo ìdílé láti Ìkẹjà, á balẹ̀ sí pápákọ̀ tó fi ayé rẹ̀ ṣe. Gómìnà á wà níbẹ̀. Àwọn oníròyìn náà á wà níbẹ̀.

Bàbá mi ti ń dúpẹ́. Èmi náà gbà á lọ́kàn mi, mi ò ní purọ́. Mo ronú kan ọ̀nà yẹn, mo ronú kan pósí nínú ọkọ̀ lórí kòtò wọ̀nyẹn, mo ní kí wọ́n ṣáà gbé e lọ wẹ́rẹ́. Bàbá Kékeré, tó ti ìlú wa dé nígbà tó gbọ́, jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá Àgbà.

Màmá Àgbà bi òṣìṣẹ́ náà pé, "Ṣé bàálù ń lọ síbẹ̀ báyìí?"

"Rárá, Mà. Àkànṣe ni èyí."

"Tó bá gbé wa débẹ̀ tán ńkọ́? Ta ló tún máa gbé?"

"A ṣì ń bá àwọn oníbàálù sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn, Mà."

Màmá Àgbà mi orí. Ó ní, "Ẹ ṣé, ọmọ mi. Ọkọ mi fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú irú ọkọ̀ yẹn. N kò ní gbé e padà sínú rẹ̀ nígbà tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́."

Bàbá mi bá a jà lẹ́yìn tí àlejò lọ. Èmi náà sọ tèmi, mo sọ ọ́ kíkankíkan. Kò yí i padà. Ọ̀nà ilẹ̀ la gbà gbé Bàbá Àgbà lọ sílé. Ọkọ̀ òkú náà bàjẹ́ lójú ọ̀nà, a sì dúró nínú oòrùn títí tí wọ́n fi rí ẹni tó tún un ṣe. Ọwọ́ Màmá Àgbà wà lára fèrèsé ọkọ̀ náà ní gbogbo àsìkò tí a fi dúró. Mo bínú sí i, mo bínú sí ìjọba, mo bínú sí ẹni tó wà nínú pósí náà, tó jẹ́ pé ká ní ó wà láàyè, á ti máa bi wá pé kí ló dé tí a fi gba ọ̀nà yìí.

Kí a tó wọ ìlú, a gba iwájú pápákọ̀ náà kọjá. Ewúrẹ́ ń jẹko nínú ọgbà rẹ̀. Àwọn ọkùnrin kan wà lórí àkàbà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi ọ̀dà tuntun kun pátákó ńlá kan tó ń kí èrò káàbọ̀. Dírẹ́bà dẹwọ́ eré, ó bi Màmá Àgbà bóyá ká dúró díẹ̀.

Bàbá Kékeré ló dáhùn, tó fi ojú kan ṣoṣo wo ibi tí oko rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Máa lọ."

Nígbà tí àwọn akunlé náà rí i pé ọkọ̀ òkú ni, wọ́n dáwọ́ dúró. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tẹrí ba títí a fi kọjá, wọ́n sì padà sídìí ọ̀dà wọn.